Bẹ́líìtì Ọlọ́dún Méje

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Adúmáadán mi,

Kí n tó bá ọ jà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tí a bí àti àwọn tó gbéyàwó fún ọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bí obìnrin ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n gba àyè rẹ̀ lórí ìlà. Ọmọbìnrin tó ń fọ aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà bí ìbejì, ọkùnrin ni méjèèjì. Àbúrò bàbá rẹ, ẹni tó ní òun ò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin mọ́ láyé, gbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìlú ìyàwó jìn. Wákàtí mẹ́rin ni a fi lọ, wákàtí mẹ́rin ni a fi bọ̀, èmi àti ọmọ rẹ lẹ́yìn ọkọ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú, tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Aṣọ tí mo rán fún ìyàwó gún régé. Ọkọ ni kò gún.

Ọmọ rẹ ń kí ọ. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ, ó sì ń gba inú ihò náà súfèé. Ó wà ní kíláàsì kejì, èmi wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ń bínú pé mo ju òun lọ.

Ó wá kan ohun tó ń bí mi nínú. Nínú lẹ́tà oṣù kejìlá, o ní tí nọ́ńbà ojú mítà bá ti pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún kìlómítà, kí a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ó tú ẹ́ńjìnnì, kí ó yọ bẹ́líìtì inú rẹ̀, kí ó fi tuntun sí i. Mo bi mẹkáníìkì ní iye tí yóò gbà. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní kó tún un sọ, mo rò pé ọkọ̀ mìíràn ló fẹ́ tà fún mi.

Adúmáadán, kí ni ọkọ̀ yìí ṣe fún ọ? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a máa ń yí kọ́kọ́rọ́ tó fi ń jí láàárọ̀. Kò hó, kò rùn, kò kán epo sílẹ̀. Ta ló ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ yá lọ fún iṣẹ́ abẹ? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lò ó. Ọjọ́ tó já, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀, mo sì parí yunifọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Má da ara rẹ láàmú. Àárọ̀ yìí ni mo wọ inú ọkọ̀ fúnra mi, mo fi gíláàsì sójú, mo sì da nọ́ńbà náà kọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: 88,940. Kò tíì pé. Mo yọ ọ́ kúrò nínú 90,000 nínú ìwé mi, ó ku 1,060. Olùkọ́ wa fún mi ní máàkì.

Olùkọ́ yìí kan náà ló ní kí n má fi òwe sínú lẹ́tà mọ́. Ó ní ẹ̀yìn òwe ni mo máa ń sá sí tí mi ò bá fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń gbìyànjú.

Ìyá rẹ àgbà ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìrìn ọ̀nà jíjìn, ẹ kú ìnáwó àbúrò bàbá mi. Ibi tí ẹ ti ní ọkọ ni kò gún, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi kan ògiri. Ẹ bá mi gbá ọmọ mi mọ́ra. Ẹ sọ fún un kó má fi ọwọ́ kan ibi tí eyín ti yọ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí, níwájú ilé bàbá arúgbó kan tí mo fẹ́ wọlé lọ wẹ̀ fún. Ilé mẹ́jọ ni mò ń dé lójúmọ́ báyìí. Orí ìjókòó ọkọ̀ ni mo ti ń jẹun. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tèmi yìí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, 96,000 ló wà lójú mítà rẹ̀. Ó ti di 171,000. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ìyá mi àgbà, ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí bẹ́líìtì tiyín bá já, ẹ̀rọ á kàn dúró ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ yín sọ̀kalẹ̀ lu irin bọ́bìn tí kò jókòó dáadáa. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́, ó sì fò mọ́ gíláàsì ojú yín. Bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe rí nìyẹn. Àwọn irin kan wà tó ń lọ sókè sódò. Àwọn mìíràn ń sọ̀kalẹ̀ wá láti ṣí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ojú kan náà ni wọ́n ń dé, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé, torí bẹ́líìtì yìí ló ń pín àkókò fún wọn. Tó bá já, wọ́n á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ kí ẹni tó ń wà á tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ á kú láàárín àwọn tírélà lójú ọ̀nà, ọmọ mi á sì wà lẹ́yìn. Kì í hó, kì í rùn, kì í kìlọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó já nìyẹn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ dáadáa ní oṣù kejìlá. Kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń wò. Rọ́bà ni, ó ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún tàbí ọdún mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Oṣù tí mo bí ọmọ mi ni bàbá mi àgbà ra ọkọ̀ náà ní tuntun. Ọmọ náà ti pé ọdún méje.

Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bá mi wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọmọ yín, Adúmáadán.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Adúmáadán,

Mo ti gba lẹ́tà rẹ, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni inú bí mi.

Ní oṣù kejìlá, nọ́ńbà ni. Ní oṣù kejì, ọdún ni. Tó bá di oṣù kẹrin, wàá ní àwọ̀ ọkọ̀ ni. Bí oníbàárà bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, tó ní kí n wọn apá lónìí, tó dé lọ́la tó ní ẹsẹ̀ lòun sọ, mo máa ń ká aṣọ rẹ̀ fún un ni, màá sì fi ilẹ̀kùn hàn án. O bá mi ṣe àdéhùn lórí nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni mò ń wò.

Bàbá rẹ àgbà ló ra ọkọ̀ yìí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta títí tó fi lọ. Kò sí mẹkáníìkì tó tíì ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì náà rí ju kó pààrọ̀ epo lọ, ìwọ wá fẹ́ kí n jẹ́ kí wọ́n tú u kalẹ̀ bí aṣọ tí kò bá ara mu. Ọ̀rọ̀ tírélà tí o kọ yẹn, kò yẹ kí ènìyàn kọ irú rẹ̀ sí àgbàlagbà. Oorun kò kùn mí lọ́jọ́ náà.

Ara wa le. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń gbé ọmọ rẹ lọ sílé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, ó ń gbé mi lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé mi lọ wo ojú ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì, a tún padà lọ sí ìlú ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. Ìyàwó ti sanra, aṣọ kò wọ̀ ọ́ mọ́, mo sì ní láti lọ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo wo nọ́ńbà náà fún ọ lónìí: 88,940. Kò tíì pé. Ṣé o rí i báyìí pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ ọkọ̀ wà?

Owó rẹ ti dé. Mo fi sínú àpòòwé, mo kọ orúkọ rẹ sí i lára, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ. Mi ò ní ná an. O ní ilé mẹ́jọ lójúmọ́. Ní oṣù kọkànlá, ilé mẹ́fà lo kọ. Mo rí i.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ìyá mi àgbà,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé mi ò kí yín pẹ́.

Mo tẹ́ lẹ́tà yín méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ní oṣù kejì, ẹ kọ 88,940. Ní oṣù kẹta, ẹ kọ 88,940. Láàárín rẹ̀, ẹ ti dé ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì, ọsibítù, ẹ sì ti lọ sí ìlú oníwákàtí mẹ́rin, ẹ tún padà. Ọkọ̀ wo ló ń rìn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mítà rẹ̀ kò kúrò lójú kan?

Wáyà mítà ni wọ́n fà yọ. Mo mọ ẹni tó fà á. Tí ẹ bá ti wọ kíláàsì, ó ń fi ọkọ̀ yín kó èrò, kò sì fẹ́ kí ẹ rí iye tó ń rìn. Nígbà tí ẹ ń yìn ín fún mi pé ó mọ ọkọ̀ wà, ó ń fi yín rẹ́rìn-ín nínú ara ẹ̀. Ta ló mọ iye tí bẹ́líìtì yẹn ti rìn báyìí?

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lónìí. Kí ọmọ mi má sì wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Adúmáadán.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ìyá mi àgbà,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ẹ kò kọ̀wé, ẹ kò sì gbé fóònù. Lánàá, ọmọ mi ló gbé e. Ó ní òun ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́, pé Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í wá mọ́, pé ẹ kì í ránṣọ, ẹ kàn máa ń jókòó ti ẹ̀rọ. Ó ní ẹ tún ń kọ nǹkan, ẹ sì ń ya á.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó bú yín ni? Ẹ dá mi lóhùn.

Adúmáadán.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Adúmáadán,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo ya á. Olùkọ́ wa ní gbólóhùn tó bá le jù lọ, òun ni kí n kọ ṣáájú. Òun nìyí: èmi ni mo ní kí wọ́n fa wáyà náà yọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú sí ọ, kí n tó bínú sí ara mi. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà ní yàrá iṣẹ́, ó ń bá mi sún ẹ̀rọ sẹ́bàá fèrèsé. Mo kà á sókè fún un, bí mo ṣe máa ń ka gbogbo lẹ́tà rẹ, torí ó máa ń fẹ́ gbọ́ bí o ṣe ń ṣe. Mi ò mọ ohun tó wà níwájú títí tí mo fi kà á dé ibẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí aṣọ tí mò ń gé.

Ó ní, "Màmá, ẹ gbà. Lónìí ló kọ."

Mo ní, "Jókòó."

Ó ní, "Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì sọ." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọkùnrin tó ru àpótí rẹ wọ pápákọ̀ òfurufú, tó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ rẹ fi gbéra, tí o ń pè ní Bọ̀ọ̀dá láti kékeré, òun lo wá ń pè ní "ó" nínú lẹ́tà bí ẹni tí ẹ jọ ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. O kò bèèrè. O jókòó sí òkèèrè, o fi nọ́ńbà méjì dájọ́. Ó ń bí mi nínú di ìsinsìnyí.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù onítáyà ní òdìkejì, níbi tó ti lọ ń ṣiṣẹ́, mi ò sì lè sọdá. Ìtìjú ni. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí mò ń fi máàkì yangàn.

Lẹ́tà oṣù kejìlá yẹn ló fà á. O kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ wú, pé o bọ́ bàtà nínú ọkọ̀, kò sì wọ̀ mọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, o ní tí nọ́ńbà bá ti pé, wàá fi owó bẹ́líìtì ránṣẹ́. Mo wá rò ó pé tí nọ́ńbà ò bá pé, o ò ní fi nǹkan ránṣẹ́, wàá sì lè sinmi. Mo pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá, mítà ò mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì o." Mo ní ta ló bi í, kó fà á yọ. Ó fà á. Ohun tí mo bá rí lójú mítà ni mo ń kọ fún ọ, mo sì ń sọ fún ara mi pé mi ò parọ́.

Ọmọ rẹ ló gbá mi lójú. Lánàá, bí mo ṣe ń di irun rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, kí ni Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jí?" Jí. Mo fi irun náà sílẹ̀ lábọ̀, mo wọ bàtà, mo sọdá. Mo kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onítáyà.

Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo lù yín ni?"

Ọ̀sán yẹn náà la gbé ọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ tó ti fa wáyà ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, ti ń kọ iye kìlómítà gbogbo ibi tí a bá lọ sínú ìwé kékeré kan. Mi ò mọ̀. Ó rò ó pọ̀ mọ́ 88,940 níwájú mẹkáníìkì: 92,300. Mẹkáníìkì yọ bẹ́líìtì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Nínú àwọn eyín rọ́bà tó fi ń di irin mú, mẹ́ta ti yọ. Ọmọ rẹ fi ìka kan àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó fi ahọ́n kan ti ẹnu ara rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì bi mí pé ta ló ń bá mi gbàdúrà. Mo ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Tuntun ti wà nínú rẹ̀. Wáyà mítà ti padà síbi tó wà. Owó yunifọ́ọ̀mù ni mo fi san án. Tìrẹ ṣì wà nínú àpòòwé.

Kọ̀wé sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o sì kọ ọ́ bí ẹni tí a kọ́ nílé. Mo tún ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo ni ìwọ pààrọ̀ bẹ́líìtì ọkọ̀ tí o fi ń dé ilé mẹ́jọ lójúmọ́?

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ yẹn fún oṣù mẹ́rin nítorí ẹsẹ̀ mi tó wú. Ẹsẹ̀ mi ti fà. Ká ní bẹ́líìtì yẹn já ńkọ́? Nígbà tí ibi eyín mẹ́ta yẹn tún sọ sí mi lọ́kàn lójú ọ̀nà, mo ní láti pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tọ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Ẹ má kà á fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kà á. Ojú ń tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n dárí jì mí.

Owó inú àpòòwé, tiyín ni, ẹ ná an. Ẹ má sì ronú nípa ọkọ̀ tèmi. Ó ń lọ dáadáa. Kò hó, kò rùn, ó ń jí láàárọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà

Adúmáadán,

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti gbọ́ lẹ́tà rẹ. Ọmọ rẹ kà á fún un níbi àtẹ̀gùn, ó ń fo ọ̀rọ̀ tó bá gùn. Nígbà tí ọmọ parí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kí ó tún ojú ìwé kejì kà. Ó ti ká a sínú fìlà rẹ̀. Ó ní òun ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n kí n sọ fún ọ kí o má fa wáyà kankan lọ́dọ̀ rẹ o.

Ìwọ ni kí n wá dojú kọ. "Kò hó, kò rùn, ó ń jí láàárọ̀." Mo mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ọ ní oṣù kejì, nígbà tí mò ń tàn ọ́. Mo bi ọ́ ní ìgbà wo, o ní ó ń lọ dáadáa. Olùkọ́ wa ì bá fún ọ ní òdo.

Mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ jáde láti ọdún mẹ́rin. O kọ táyà. O kọ bátìrì. O kọ gíláàsì tí òkúta fọ́. O kò kọ bẹ́líìtì níbì kankan. Mo yọ 96,000 kúrò nínú 171,000, ó ku 75,000, ìyẹn láì ka èyí tí ẹni tó tà á fún ọ ti fi rìn, tí o kò sì bi í. Ìwọ tí o mọ gbogbo bí irin ṣe ń kọlu irin, tí o fi tírélà lé oorun kúrò lójú mi, orí rẹ̀ gan-an lo jókòó sí tí o ń jẹun. Owó bẹ́líìtì tìrẹ lo fi ránṣẹ́ sí mi. Má sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá arúgbó tó ń dúró dè ọ́ kí o wá wẹ̀ fún òun, ta ni yóò sọ fún un pé o ò ní lè dé? Ta ni yóò sọ ọ́ fún ọmọ tó ń súfèé ní yàrá kejì yìí?

Mẹkáníìkì wa ní kí wọ́n pààrọ̀ irin róbótó tó ń fa bẹ́líìtì le pẹ̀lú. Ó ní tí èyí bá gbó, á tètè jẹ tuntun run. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o kà á fún wọn.

Mo ti ṣí àpòòwé. Mo fi owó ogójì yunifọ́ọ̀mù kún ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé ti ìlú yín á wọ́n ju tiwa lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé mi lọ sí báńkì, mítà ń kà lójú mi. Má fi ra nǹkan fún ọmọ rẹ. Má sì dá a padà, nítorí èmi náà mọ ọ̀nà báńkì. Tí wọ́n bá ti yọ ti àtijọ́, fi í ránṣẹ́ sí mi nínú páálí kí n fi ọwọ́ ara mi ka eyín rẹ̀.

Owó tí mo fi ránṣẹ́: 214,000 náírà.